Ilé Tí Ẹ Kọ́, Tí Mi Ò Jẹ́ Kí Ẹnikẹ́ni Yẹ̀ Wò

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí mo ti bá yín sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni. Ẹ ní kí n bá yín wo bàtà yín lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sì fi ìkanra dá yín lóhùn nítorí pé mo ti ń pẹ́ dé ilé ìwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Kì í ṣe tìtorí ìyẹn ni mo ṣe mú bírò lónìí, àmọ́ mi ò lè kọ̀wé sí yín kí n máà kọ́kọ́ sọ ọ́.

Màmá ò lè rìn mọ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ jáde, torí ẹ̀yin náà kì í fẹ́ kéèyàn máa yí ọ̀rọ̀ po. Ògiri ló wó lù wọ́n lọ́sàn-án gangan, nínú oṣù kẹfà, ní yàrá ẹ̀yìn ilé tí mo rà. Wọ́n jókòó sídìí fèrèsé, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Òjò ti dá nígbà yẹn o, oòrùn ti yọ. Egungun ìbàdí wọn ló kán. Ọsibítù ní kò lè san bí ó ṣe yẹ mọ́ ní irú ọjọ́ orí wọn, àwọn tó ń to eegun náà sì ti ṣe ìwọ̀n tí wọ́n lè ṣe. Orí ẹní ni wọ́n wà. Èmi ni mò ń gbé wọn lọ sí ilé ìwẹ̀, Màmá wa tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé garawa omi.

Ilé náà, Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ.

Ilé Àlàájì onírẹsì ni, èyí tó wà lọ́nà Ìlobì, tó ní òpó mẹ́rin níwájú. Ọdún tí mo wọ ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni lẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbàkígbà tí mo bá wálé fún ọlidé, èmi ni mò ń gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún yín níbẹ̀. Ẹ ó fọwọ́ nù lára ṣòkòtò, ẹ ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ẹ ó sì máa wo iṣẹ́ yín láàárín òkèlè kan sí èkejì. Mo fẹ́ràn láti máa wò yín bí ẹ ṣe ń wò ó. Mo rò pé kò sí ọmọ tí bàbá rẹ̀ mọ iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Ìlaròó.

Ẹ ò sí láyé nígbà tí ìjọba ti bọ́dà pa. Ẹ dúpẹ́. Àwa tí a kù níhìn-ín rí i. Ọ̀nà Ìjoùn dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọn ọlọ́kadà jókòó sábẹ́ igi láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, torí kò sí ẹrù láti gbé, epo bẹntiróòlù pàápàá kò dé ibi tó bá ti sún mọ́ bọ́dà jù. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ń tú àpò àwọn obìnrin tó ń bọ̀ láti oko, bóyá ìrẹsì ló wà lábẹ́ ẹ̀gẹ́. Ẹrù Àlàájì há sí òdìkejì, apá kan bàjẹ́, apá kan kò rí ẹni tà á. Nígbà tó yá, ó ní òun ń lọ bá àwọn àna òun ní Kútọnu, òun ó ta ilé. Ó ń kánjú. Bí kò bá jẹ́ bọ́dà tí wọ́n tì, kí ni olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fẹ́ fi ra irú ilé bẹ́ẹ̀? Mo ní Ọlọ́run ló dá ilé tí bàbá mi kọ́ padà fún mi. Mo sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn, mo sì sunkún ayọ̀.

Ẹ má rò pé mi ò ṣọ́ra o. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Mo gba lọ́yà. Mo gba sọ̀fíyọ̀ kó wọn ilẹ̀. Mo lọ bá olórí ẹbí tó ta ilẹ̀ fún Àlàájì, wọ́n fi rìsíìtì hàn mí, wọ́n pe ẹlẹ́rìí, wọ́n ṣàdúrà, a jẹ obì. Ìgbà márùn-ún ni a yẹ ìwé ilé náà wò. Ilé fúnra rẹ̀, a ò yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe níhìn-ín nìyẹn. Ẹ̀rù ọmọ onílẹ̀ ń bà wá débi pé a gbàgbé pé ògiri náà lè ṣe wá léṣe.

Obìnrin kan, olùkọ́ kíláàsì kẹfà nílé ìwé wa, kìlọ̀ fún mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ra ilé ní Ayétòrò, ikán sì ti jẹ gbogbo igi òrùlé rẹ̀ tán lókè sílìn kó tó kó wọ ibẹ̀. Ó ní kí n wá ẹni tó mọ iṣẹ́ ilé kíkọ́ kó wò ó kí n tó fọwọ́ síwèé. Inú bí mi. Ní yàrá àwọn olùkọ́, lójú gbogbo wọn, mo ní, “Ta ni kí n pè? Kí n lọ pe ẹnì kan wá kan ògiri tí bàbá mi fọwọ́ ara wọn mọ, kí ó máa sọ fún mi bóyá ó dára?” Gbogbo wọn ní òótọ́ ni mo sọ. Ọ̀gá ilé ìwé wa pàápàá ní ẹ̀yin lẹ kọ́ ilé òun, pé irú yín kò sí mọ́. Obìnrin náà tọrọ gáfárà. Mo gba gáfárà náà bí ẹni pé ẹ̀tọ́ mi ni.

Ejẹ́ńtì tó ń bá Àlàájì ta ilé mú ọkùnrin kan wá tó pè ní ẹnjiníà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó mu mínírà, ó ní ilé yìí máa pẹ́ ju àwa lọ. Mi ò tilẹ̀ bi í ní nǹkan kan, torí ẹ̀yin ni ẹnjiníà mi. Inú ọyẹ́ ni, ilẹ̀ gbẹ, wọ́n ti fi ọ̀dà tuntun kun ògiri látòkè délẹ̀, òórùn rẹ̀ ń dùn mọ́ mi nímú. Kí ló dé tí ẹni tó ń sá lọ sí Kútọnu fi ń kun ilé? Èmi tí mò ń kọ́ ọmọdé pé kí wọ́n máa béèrè ìdí nǹkan, mi ò béèrè. Lẹ́yìn tí ògiri ti wó ni obìnrin tó wà nílé kejì wá sọ fún mi pé ọdọọdún, bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n máa ń fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ibi tó sán lẹ́yìn ilé yẹn pa. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó wò mí tàánútàánú. Ó ní, “Ẹ ò bi wá ná, Àǹtí.”

Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni mo wá mọ béèyàn ṣe ń wá ẹni tí yóò bá a yẹ ilé wò, nígbà tí kò wúlò mọ́. Àrùn kòrónà ti ti ilé ìwé pa, mo wà nílé, ìbínú nìkan ni iṣẹ́ mi. Mo pe Àlàájì títí. Ohùn obìnrin kan á máa sọ Faransé sí mi létí, fóònù á sì kú. Mo fẹ́ gbé e lọ sí kóòtù. Mo fẹ́ kí ẹnì kan kọ ọ́ sínú ìwé pé ó fi nǹkan pamọ́ fún mi.

Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n júwe fún mi ní kí n ya fọ́tò ògiri ránṣẹ́ sí òun lórí fóònù, òun ó sọ ohun tó ṣe é. Mo ní rárá. Ẹnì kejì wá, kò tíì wọlé tán tó ti ń sọ iye búlọ́ọ̀kù tí òun máa fi tún un mọ. Mo rí i pé tí ẹni tó ń wá àìsàn bá jẹ́ ẹni tí yóò ta oògùn, kò sí bí kò ṣe ní rí àìsàn. Ẹnì kẹta, àna Àlàájì ni, ó sì fi pamọ́. Ẹnì kẹrin ni ọ̀gbẹ́ni kan láti Ayétòrò, ó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún. Mo kọ́kọ́ lọ bá àwọn mẹ́ta tó ti bá ṣiṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ṣì ń bínú sí i, torí ọ̀gbẹ́ni náà ní kó má ra ilé tó wù ú. Ẹni tó ń bínú yẹn ló mú kí n yan ọkùnrin náà. Ó ní òun kì í tún ilé ṣe, òun kì í bá wọn ta ilé, kí n sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú òun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Mi ò sọ fún un pé bàbá mi ló kọ́ ilé náà. Mi ò mọ ìdí tí mo fi fi pamọ́. Bóyá mo fẹ́ gbọ́ kó yìn yín láìmọ̀.

Ó gun òrùlé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ó fi òòlù kékeré kan ògiri níbi gbogbo, ó ń tẹ́tí. Ó fi ìka tọ ipa ibi tí ògiri ti sán, tó bẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé, tó ń sọ̀ kalẹ̀ bí àtẹ̀gùn. Ó ní kí àwọn lébìrà tó bá a wá gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpìlẹ̀. Níbi tó yẹ kí ìpìlẹ̀ jìn dé, nítorí pé àkúrọ̀ ni ilẹ̀ ibẹ̀, kò dé ìdajì. Ó fọ́ kọnkéré orí fèrèsé, irin kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀ dípò mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ó mú àfọ́kù búlọ́ọ̀kù kan nínú àwókù, ó gbé e lé ọwọ́ mi, ó ní kí n fọwọ́ fún un pọ̀. Bàbá mi, mo fún un, ó sì tú sí mi lọ́wọ́. Yanrìn lásán ni. Ìbèsè rèé nítòsí wa tí trélà sìmẹ́ńtì ń jáde níbẹ̀ tọ̀sán tòru, ọwọ́ mi sì kún fún yanrìn.

Mo ní bóyá ẹni tó kọ́ ọ kò mọ iṣẹ́ ni. Mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ pé ẹni náà ò kàn mọ̀ ni. Ó mi orí. Ó ní kí n wo bí wọ́n ṣe to búlọ́ọ̀kù, kí n wo igun ilé bó ṣe gún. Ó ní, “Ẹni tó kọ́lé yìí mọ iṣẹ́ gan-an, màdáámù. Ohun tó dùn mí nìyẹn. Ó mọ ohun tó yẹ kó fi síbẹ̀, kò sì fi í síbẹ̀.”

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ààbọ̀ àpò.

Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ẹ máa ń gbé ààbọ̀ àpò sìmẹ́ńtì sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ wálé, nígbà mìíràn odindi. Ẹ ní àṣẹ́kù ni. Ẹ ní ẹ̀tọ́ bíríkìlà ni, pé gbogbo ọ̀gá ló mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan á wá láti ọ̀nà ọjà, á kó o lọ, tó bá sì di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, owó ilé ẹ̀kọ́ mi á wà lábẹ́ àtẹ, ẹ ó ti fi bébà wé e. Mi ò bi yín rí pé iṣẹ́ wo ni àṣẹ́kù rẹ̀ máa ń tó bẹ́ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣé ẹ rò pé ilé náà máa dúró bẹ́ẹ̀? Ṣé Àlàájì mọ̀? Ṣé àwọn bíríkìlà yòókù ló kọ́ yín ni, tàbí ẹ̀yin lẹ kọ́ wọn? Nígbà tí ẹ jókòó sórí búlọ́ọ̀kù yẹn tí ẹ ń jẹ oúnjẹ tí mo gbé wá, tí ẹ ń wo iṣẹ́ yín, kí lẹ ń rò? Mi ò lè bínú sí yín tán kí n má rí ara mi níbẹ̀. Mi ò sì lè dárí jì yín kí n má gbọ́ igbe Màmá.

Mo dúró kí n tó sọ fún Màmá. Nígbà tí mo sọ ọ́, ojú wọn kò yí padà. Wọ́n ti mọ̀. Wọ́n mọ̀ nígbà tí mo ń ra ilé náà, wọ́n sì tẹ̀lé mi wọ inú rẹ̀, torí ojú ń tì wọ́n láti sọ nǹkan tí yóò ba orúkọ ọkọ wọn jẹ́ létí ọmọ. Èyí ló mú mi sunkún jù. Lórí ẹní wọn, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní kí n jẹ́ kó parí síbẹ̀. Mo ní àwọn ilé yòókù ńkọ́? Wọ́n ní, “Ta ló rán ẹ níṣẹ́? Ìwọ lo jẹ sìmẹ́ńtì yẹn. Má tú bàbá ẹ síta.”

Àwọn ilé yòókù, Bàbá. Mẹ́sàn-án ni mo lè kà láàárín ọdún mẹ́ta tí mo lò ní ilé ẹ̀kọ́. Bí a bá jọ ń rìn ní Ìlaròó, ẹ máa ń fi àgbọ̀n júwe wọn fún mi: tèmi nìyẹn, tèmi nìyẹn. Èèyàn ń sùn nínú wọn. Ọ̀gá ilé ìwé wa ń sùn nínú ọ̀kan. Bóyá ẹ fi sìmẹ́ńtì tó pé sí àwọn mìíràn. Bóyá ọ̀kan ṣoṣo yìí ni. Tí mo bá lè bi yín, tí ẹ lè sọ fún mi pé èyí dára, èyí kò dára, ǹ bá ti lọ síbi tí ó yẹ nìkan, ǹ bá sì dá orúkọ yín sí lọ́dọ̀ àwọn tó kù. Mo dúró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi dúró, mò ń dibọ́n bí ẹni pé ẹ máa dáhùn. Òjò kejì ọdún sì bẹ̀rẹ̀.

Ní àná mo lọ sí ilé àkọ́kọ́ nínú wọn, èyí tó wà ní Ìlobì. Ẹni tó ni ín ti kú, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń gbébẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Nígbà tí mo sọ ẹni tí mo jẹ́, ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó bu omi fún mi, ó gbé àga jáde. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, bàbá yín ṣeun o. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kọ́lé yìí títí wọ́n fi kú, wọn ò yé dárúkọ bàbá yín.” Ó ń fi ọwọ́ ra ògiri bó ti ń sọ ọ́. Ọmọ rẹ̀ tó kéré jù sùn sórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá tó wà lẹ́yìn rẹ̀, mo ń rí ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí.

Mo sọ fún un. Mo sọ gbogbo rẹ̀, ti Màmá, ti ìpìlẹ̀, ti ààbọ̀ àpò. Mo ní kó wá ẹni tí yóò yẹ ilé náà wò, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ yàn, kó má gba ẹnikẹ́ni tí mo bá mú wá, torí èmi náà ti di ẹni tí kò yẹ kó gbẹ́kẹ̀ lé. Mo fún un ní nọ́ńbà ọ̀gbẹ́ni Ayétòrò, mo ní kó kọ́kọ́ lọ wádìí rẹ̀. Ó gbọ́ mi tán. Ó dìde, ó wọ inú yàrá, ó gbé ọmọ náà kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì bó ti ń sùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fa ẹní jáde sí fàráńdà. Mo fẹ́ bá a mú etí kejì ẹní náà. Ó ní kí n fi í sílẹ̀.

Kò sìn mí dé ẹnu ọ̀nà.

Bàbá mi, títí ọ̀sẹ̀ yìí yóò fi parí, gbogbo Ìlaròó á ti mọ̀. Wọn ò ní pè mí ní ọmọ bíríkìlà tayọ̀tayọ̀ mọ́, wọ́n sì lè má dárúkọ yín sí àdúrà mọ́. Màmá ti kọ̀ láti jẹun lọ́wọ́ mi láti àárọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ẹ tó gbọ́ ọ níbòmíràn, tó bá jẹ́ pé ẹ ń gbọ́ nǹkan níbi tí ẹ wà. Mo ṣì máa ń rí yín lójú mi tí ẹ ń fi ìka yọ yanrìn kúrò nínú irun mi. Mo nífẹ̀ẹ́ yín tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń ká mi lára. Lọ́la, mò ń lọ sí ilé ọ̀gá wa.

Èmi ni, ọmọ yín tí ẹ rán nílé ìwé, tí yóò máa fẹ́ràn yín, tí yóò sì máa kan ilẹ̀kùn àwọn ilé tí ẹ kọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.